Irun Inú Iná

Onífọ́tò nu ojú lẹ́ńsì, ó tún un nu, ó wá fi etí aṣọ nu ojú ara rẹ̀ pẹ̀lú, bóyá òun gan-an ni kò ríran dáadáa. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Fọ́tò àga tó yà láti fi dán lẹ́ńsì náà wò ṣì rí bákan náà. Àga wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan mí èémí gbígbóná sí i lára. Iná gílóòbù tó wà lẹ́yìn àga ti fọ́n káàkiri bí yíǹkì tí omi dà sí.

Ọjọ́bọ̀ lọjọ́ náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìgbéyàwó.

Kí ẹni tí kò mọ ìdí iṣẹ́ fọ́tò má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ so tọkọtaya náà pọ̀ ṣókùnkùn bí inú àpò, àgbàlagbà tó sì fẹ́ so wọ́n pọ̀ ti kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ rí fíláàṣì kankan tó máa kọ mànà lójú òun. Lẹ́ńsì tó bá máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ojú rẹ̀ là gbàgàdà, tó lè fi ìwọ̀nba iná díẹ̀ ríran. Ó ti pẹ́ tí Onífọ́tò ti ń ya fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà. Ìgbéyàwó yìí ni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé lé òun nìkan lọ́wọ́. Bó bá bà á jẹ́, ta ló máa ní kí ìyàwó wá tún ìgbéyàwó ṣe nítorí onífọ́tò? Orúkọ rẹ̀ máa bà jẹ́ kó tó tiẹ̀ ní orúkọ, á sì padà sídìí fọ́tò pélébé títí irun rẹ̀ á fi funfun.

Sáré-Sáré, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n jọ dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, yọ orí láti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà.

“Àǹtí mi, mo sọ fún yín. Mo ní ká ra súùmù, ẹ ní rárá.”

“Jọ̀ọ́, má tíì bẹ̀rẹ̀.”

“Alálòkù yẹn ló lù wá ní jìbìtì! Ó fi èyí tó dáa hàn wá, ó wá di èyí tó bà jẹ́ fún wa. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a báyìí, kí n lọ da ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ rú.”

Kò jẹ́ kó lọ. Téṣàn ọlọ́pàá wà ní òdìkejì títì. Ó sọdá síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí ọ̀tún ò bá òsì mu.

Obìnrin tó tẹ̀ lé e bọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbéèrè. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní ìyá tó ń wá ọmọ tó pẹ́ níléèwé ni. Awò ojú rẹ̀ wà lórí irun rẹ̀, ó sì ń tú báàgì kiri, ó ń wá a. Àwọn olè tó ti fi ìyẹn rẹ́rìn-ín rí wà lẹ́wọ̀n báyìí. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n ń ya oníbàárà lé.

“Mi ò mọ nǹkan kan nípa kámẹ́rà,” ló wí. “Ẹ bá mi sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ ọ́. Nínú gbogbo lẹ́ńsì tó wà láyé, kí ló dé tó jẹ́ èyí lẹ rà?”

“Owó ọwọ́ wa ò lè ra ju ẹyọ kan lọ, mà,” Onífọ́tò dáhùn. “Mẹ́ta la rí. Àkọ́kọ́ ni súùmù tuntun, tó máa ń fa èèyàn sún mọ́ni, tó tún lè tì í sẹ́yìn. Ó wúlò, àmọ́ ojú ẹ̀ ò là, kò lè ríran nínú òkùnkùn. Ìkejì máa ń gba gbogbo ilé pọ̀, àmọ́ téèyàn bá fi ya ìyàwó ní tòsí, imú ẹ̀ á tóbi ju orí ẹ̀ lọ.”

“Ọkọ á sá.”

“Èyí ni ìkẹta. Kì í fà, kì í sún. Ẹsẹ̀ ara ẹni lèèyàn máa fi rìn sún mọ́ ẹni tó fẹ́ yà. Àmọ́ ojú ẹ̀ là, mà, ó sì máa ń jẹ́ kí iná tó wà lẹ́yìn èèyàn rí roboto-roboto, bí ẹyin. Àlòkù ni, ìyẹn ni ọwọ́ wa fi tó o. Lọ́jọ́ Ajé tá a rà á, a dán an wò níbẹ̀, fọ́tò ẹ̀ mọ́ kedere.”

“Látìgbà yẹn, ta ló ti fọwọ́ kàn án?”

“Èmi àti àbúrò mi.”

“Kò sí ẹlòmíì?”

“Kò sí, mà.”

Ìyá Ìbéèrè bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún dáhùn bákan náà. Obìnrin náà wá yí lẹ́ńsì náà po lábẹ́ iná, àwọn méjèèjì sì rí èébu tó hù sára gíláàsì inú rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi ohun mímú ha á kúrò, ibi tí wọ́n ha sì ṣì ń dán.

“Ṣé bó ṣe rí nìyí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á?”

Ojú ti Onífọ́tò. Fọ́tò nìkan ló ń wò lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ ti dùn ju kó yí ìdí lẹ́ńsì wò lọ.

* * *

Ṣọ́ọ̀bù Alálòkù kún dé àjà fún rédíò àtijọ́, kámẹ́rà tí kò ní ojú, àti ojú tí kò ní kámẹ́rà. Fáànù ń fẹ́ lórí ọkùnrin náà débi pé ó ń gbé owó ìwé fò lórí tábìlì, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀.

“Ọmọlúàbí lèmi,” ló kọ́kọ́ sọ kí wọ́n tó bi í ní nǹkan kan.

“Mi ò tíì ní o kì í ṣe ọmọlúàbí,” Ìyá Ìbéèrè wí. “Kí ló ń mú ẹ làágùn?”

“Ooru ni, mà.”

Ìyá Ìbéèrè wo fáànù, ó wo Alálòkù, ó sì dákẹ́. Àwọn ọlọ́pàá kan a máa lo pàṣán, ìdákẹ́jẹ́ ni ti ìyá yìí. Ó gbé rédíò kan, ó ń yí bọ́tìnnì rẹ̀ síwá-sẹ́yìn bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Nínú ọkàn rẹ̀, Onífọ́tò ń gbàdúrà pé kó jẹ́ ọkùnrin yìí ni. Kó ṣáà jẹ́ òun, kó gbé lẹ́ńsì náà jáde lábẹ́ tábìlì, kí àwọn máa lọ.

“Ó dáa, ẹ má mú mi,” Alálòkù bú sẹ́kún lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. “Mo mọ̀ pé nǹkan wà nínú lẹ́ńsì yẹn, mi ò sì sọ.”

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Irun, mà. Irun tín-ín-rín kan, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Àárín àwọn gíláàsì inú ẹ̀ ló wà, ojú lásán ò lè rí i. Kì í ba fọ́tò jẹ́, mo fi ìyá mi búra! Tí iná bá wà lẹ́yìn ẹni tẹ́ ẹ̀ ń yà nìkan ló máa ń hàn, nínú iná roboto kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá sọ, arábìnrin yìí ò ní rà á mọ́.”

“Èébu ńkọ́? Ìwọ lo ta lẹ́ńsì tó ti bu fún un.”

Ọkùnrin náà gba lẹ́ńsì náà, ó gbé e sójú iná, ó sì yára gbé e sílẹ̀ bí ẹni tó di akèekèé mú. “Èébu kẹ̀? Lẹ́ńsì tó bu báyìí, mi ò lè jẹ́ kó sun ṣọ́ọ̀bù mi! Á kó ran àwọn yòókù. Mo ń purọ́ díẹ̀díẹ̀, mà, àmọ́ mi ò ya wèrè.”

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó tún pè wọ́n. “Ẹ ò ṣe béèrè lọ́wọ́ bùrọ̀dá yẹn, àbúrò ẹ̀? Òun náà wá síbí lọ́jọ́rú. Ó ń wo ẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ń lé.”

Onífọ́tò dúró lójijì. Lọ́jọ́rú, Sáré-Sáré ní ṣọ́ọ̀bù àwọn lòun wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

* * *

Kọ̀ǹpútà ni Ìyá Ìbéèrè kọ́kọ́ dojú kọ nígbà tí wọ́n padà dé. Ó ní kí wọ́n ṣí fọ́tò ọjọ́ Ajé, èyí tí Onífọ́tò fi Sáré-Sáré dán lẹ́ńsì wò níwájú àwọn iná wẹ́wẹ́ tí Alálòkù so mọ́ ògiri.

“Jẹ́ kó tóbi. Kó tún tóbi sí i.”

Ó wà níbẹ̀. Nínú gbogbo iná roboto tó wà lẹ́yìn etí Sáré-Sáré, ìwọ̀ kékeré kan wà, gbogbo wọn sì kọjú síbì kan náà. Wọ́n wá ṣí fọ́tò àga tí Onífọ́tò yà láàárọ̀. Kò sí ìwọ̀ nínú iná ẹ̀yìn rẹ̀. Nǹkan tó jọ òwú aláǹtakùn ló wà níbẹ̀.

“Lẹ́ńsì yín ṣì wà láyé,” Ìyá Ìbéèrè wí. “Eléyìí kọ́ ni. Ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ̀.”

Ìdùnnú fẹ́ wọlé, ìbẹ̀rù dí i lọ́nà. Onífọ́tò yíjú sí àbúrò rẹ̀.

“Níbo lo wà lọ́jọ́rú?”

“Ibí ni.”

“Má purọ́ fún mi! Alálòkù rí ẹ.”

Sáré-Sáré, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbélẹ̀, rọra dáhùn. “Mo lọ béèrè bóyá ó lè gba lẹ́ńsì yẹn padà, kó fún wa ní súùmù. Mi ò gbé e dání, Àǹtí mi. Mo kàn béèrè ni. Ó ní kí n máa lọ.”

“Lẹ́yìn mi?”

“Ẹ̀rù ló ń bà mí. Gbogbo ohun tá a ní ló wà nínú gíláàsì yẹn. Mo sọ̀rọ̀ títí, ẹ ò gbọ́ tèmi, ti ẹlòmíì lẹ gbọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Onífọ́tò ju lẹ́ńsì lọ. Wọ́n jọ jẹ ìyà dàgbà ni, wọn ò fi nǹkan pamọ́ fún ara wọn rí. Bó bá jẹ́ pé Sáré-Sáré ló gbé e, kí lòun fẹ́ fi orúkọ àti ìgbéyàwó ṣe mọ́? Ó ti ń wá ibi tí yóò jókòó sí nígbà tí Ìyá Ìbéèrè gbá tábìlì jẹ́jẹ́.

“Ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe òun. Ẹni tó bá fi òkú pààrọ̀ alààyè, ó ní láti kọ́kọ́ ní òkú nílé. Èébu inú lẹ́ńsì yìí, ṣé láàárín ọ̀sẹ̀ yìí ló hù?”

“Rárá, mà. Á ti pẹ́ níbẹ̀ gan-an.”

“Níbo ni àbúrò ẹ á ti rí irú ẹ̀ tó ti bu, táá gbé e pamọ́ de ọjọ́ tó o máa ra ìkejì ẹ̀? Tún gbọ́ èyí. Ó ń bẹ̀ ẹ́ kó o ra súùmù. Olè tó fẹ́ fi nǹkan ẹ̀ pààrọ̀ tìẹ kì í bẹ̀ ẹ́ pé kó o má rà á. Ohun tó máa fẹ́ ni pé kó o ra irú tiẹ̀ gan-an.” Ó fa awò ojú rẹ̀ sílẹ̀ láti orí, ó wò ó bí ẹni tí ẹnu yà pé ibẹ̀ ló wà. “Àbúrò ẹ ní ẹlòmíì lo gbọ́ tiẹ̀. Ta ni?”

Onífọ́tò ti mọ ìdáhùn kó tó la ẹnu.

“Ọ̀gá mi ni. Bàbá Dúdú-Funfun, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní ìkángun àdúgbò. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́.”

“Irú lẹ́ńsì wo ni wọ́n ń lò?”

“Irú eléyìí, mà.”

“Ṣé wọ́n fọwọ́ kan tìẹ?”

“Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé e lọ hàn wọ́n. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, mà. Irinṣẹ́ tuntun, ọwọ́ ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí kí wọ́n súre sí i. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n bá wọn ká aṣọ tí wọ́n máa ń ta sẹ́yìn oníbàárà ní yàrá kejì.”

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ẹ́ léèrè ẹni tó fọwọ́ kàn án.”

“Mi ò purọ́, mà. Ṣé èèyàn máa ń ka bàbá ẹ̀ mọ́ àwọn tó fọwọ́ kan nǹkan ẹ̀ ni?”

Ìyá Ìbéèrè mí kanlẹ̀. “Ibẹ̀ gan-an ni olè máa ń gbà wọlé.”

* * *

Onífọ́tò ò fojú kan oorun. Bílẹ̀ ọjọ́ Ẹtì ṣe mọ́, wọ́n ti ń rìn lọ sí ìkángun àdúgbò, Sáré-Sáré tẹ̀ lé wọn.

“Mo ní ìfura, mi ò ní ẹ̀rí,” Ìyá Ìbéèrè wí. “Wọ́n ti ha nọ́ńbà kúrò lára méjèèjì, mo lè fi èyí búra. Tó bá ní tòun ni, ta ló máa jẹ́rìí? Kí tiẹ̀ ni bàbá yìí kọ́ ẹ?”

“Wọ́n kọ́ mi pé kí n tó wo ojú oníbàárà, kí n kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìn ló máa ń tú àṣírí fọ́tò. Èèyàn á ya ìyàwó tán, igi á ti hù lórí ẹ̀, ìyá ọkọ á máa fọwọ́ ro imú lókèèrè.”

Sáré-Sáré rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù náà, Onífọ́tò sì dúró gbagidi.

Fọ́tò tuntun kan, tó tóbi bí ilẹ̀kùn, wà nínú gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí níbẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó ló wà nínú ọgbà kan ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo iná tí wọ́n so mọ́ igi sì rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́tò náà dára débi tó fi dun Onífọ́tò. Irú èyí tó ń lá pé òun máa yà lọ́la nìyẹn.

“Ohun tí bàbá kọ́ ẹ,” Ìyá Ìbéèrè sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ṣe é.”

Onífọ́tò gbójú kúrò lójú ìyàwó, ó wo ẹ̀yìn. Nínú iná kọ̀ọ̀kan, irun kan wà tó tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja.

Ẹ̀yin onífọ́tò, kí la ti fẹ́ ṣe yín! Olè aṣọ á fi aṣọ sábẹ́ àpótí, olè ewúrẹ́ á so ewúrẹ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n onífọ́tò tó bá ya fọ́tò tó dára, bó fi lẹ́ńsì olè yà á, kò lè ṣe kó má gbé e síta káyé rí i.

Bàbá Dúdú-Funfun dìde bó ṣe rí wọn, ó la ọwọ́ méjèèjì. “Ọmọ mi! Ọ̀la dé, àbí? Ṣé ọkàn ẹ balẹ̀?”

Ìyá Ìbéèrè ló bá Onífọ́tò dáhùn.

“Bàbá, fọ́tò iwájú yẹn mà dára o. Lẹ́ńsì wo lẹ fi yà á?”

“Lẹ́ńsì mi ni, mà. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi.”

“Òun náà lẹ fi ya àwọn tó wà lára ògiri yìí?”

“Gbogbo wọn.”

Ìyá Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí tó pẹ́ jù, iná mọ́ roro. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, iná ti ń ṣe bàìbàì. Nínú àwọn ti àìpẹ́, òwú aláǹtakùn ti wọ inú iná. Kò sí irun nínú ìkankan.

“Èébu ti ń pọ̀ sí i láti ọjọ́ pípẹ́,” ló wí. “Lọ́sẹ̀ yìí, èébu kúrò, irun wọlé. Ìwòsàn wo nìyẹn, bàbá?”

“Bóyá eruku ni, mà.”

Ìyá Ìbéèrè yọ fọ́tò ọjọ́ Ajé tí Onífọ́tò ti tẹ̀ jáde nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Sáré-Sáré wà níbẹ̀ tó ń yọ eyín, ìwọ̀ kéékèèké sì pọ̀ lẹ́yìn etí rẹ̀. Bàbá náà tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Ó lè purọ́ fún ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni nídìí fọ́tò, kò lè purọ́ fún ojú ara rẹ̀. Ó jókòó.

“Tèmi ti bu tán,” ló sọ nígbà tó yá. “Wọ́n ti gbé iṣẹ́ ọgbà yẹn fún mi, mi ò sì rí ọ̀nà àtira òmíràn. Mo rò pé Alálòkù lo máa dá lẹ́bi. Ìwọ ṣì kéré, ọmọ mi, ọjọ́ iwájú ẹ ṣì pọ̀.”

“Ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe ní kí n rà á?” Onífọ́tò béèrè. “Ṣé súùmù ló yẹ kí n rà ni?”

“Ká má rí i!” Ohùn bàbá náà le fún ìgbà àkọ́kọ́. “Nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn? Èyí ló dáa jù fún ẹ. Mi ò lè gbà ẹ́ nímọ̀ràn tí kò dáa.”

Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú Onífọ́tò. Ì bá rọrùn fún un bó bá jẹ́ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Bàbá Dúdú-Funfun ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbé lẹ́ńsì náà jáde nínú aṣọ funfun, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

“Ìwọ lo ni nǹkan,” Ìyá Ìbéèrè wí. “Ṣé ká máa mú bàbá lọ sí téṣàn?”

Onífọ́tò di lẹ́ńsì náà mọ́ àyà. Ó wo yàrá tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú, ó wo àpótí tó máa ń jókòó lé. “Mi ò fẹ́ ká lọ sí téṣàn, mà. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí wọ́n má yọ fọ́tò yẹn kúrò nínú gíláàsì.”

Bàbá náà gbójú sókè. “Ọmọ mi.”

“Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, sà. Ó dáa. Kò sẹ́ni tó máa kọjá tó máa mọ nǹkan kan. Àwa tá a wà níbí nìkan la máa mọ̀.”

Wọ́n ti ń jáde lọ nígbà tí bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ìyá Ìbéèrè pé kó kúkú mú òun lọ sí téṣàn. Ìyá náà ní kò sí ẹni tó fẹjọ́ sùn.

Lọ́nà ilé ni Onífọ́tò ti di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. “Má bínú sí mi,” ló wí. “Ó yẹ kí n gbọ́ tìẹ.” Sáré-Sáré ní kó má bẹ òun, súùmù yẹn ì bá pa àwọn nínú gbọ̀ngàn yẹn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Onífọ́tò ya fọ́tò àkọ́kọ́ nínú gbọ̀ngàn. Kò wo ìyàwó. Iná àbẹ́là tó wà lẹ́yìn ìyàwó ló kọ́kọ́ wò, ó mú kó tóbi, ó rí irun náà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Látìgbà yẹn, ó ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi tú ká.

Ìkángun àdúgbò ni òun àti Sáré-Sáré gbà padà, nítorí pé ọ̀nà mìíràn ò sí. Fọ́tò náà ṣì wà nínú gíláàsì, àwọn èèyàn dúró tì í, wọ́n ń yìn ín. Bàbá Dúdú-Funfun ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn, ó kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, wọ́n sì dáhùn. Ẹni tó kọ́ Onífọ́tò pé kó máa kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn sí gíláàsì náà títí wọ́n fi kọjá, kò sì wẹ̀yìn.